Màmá Oǹdó Tó Na Ẹsẹ̀ Dí Àtẹ̀gùn

Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ètò ìsìnkú pé ìyá ìyá mi jẹ́ oníwà tútù, ẹni tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹni tó kọ ọ́ kò bá a gbé rí. Nígbà tí àlùfáà ka ibẹ̀ jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín sínú, ọkùnrin kan sì wúkọ́ títí tó fi jáde síta. Bí òkú bá ń gbọ́rọ̀ ni, Màmá ì bá ti dìde nínú pósí, kó ní kí wọ́n mú ìwé náà wá kóun fi di búrẹ́dì.

Nítorí náà, mo fẹ́ sọ irú ẹni tó jẹ́ gan-an kí irọ́ yẹn tó fìdí múlẹ̀. Mi ò ní sọ ọdún tí wọ́n bí i àti iléèwé tó lọ. Inú ìwé yẹn kan náà ni wọ́n kọ ìyẹn sí, ó sì jọ pé wọ́n ṣì í. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọmọ Oǹdó ni, ó fẹ́ ará Àkúrẹ́, ó dá bekìrì sílẹ̀ ní àdúgbò Ìsíkàn níbẹ̀, ó sì fi ìyókù ayé rẹ̀ sọ fún àwọn ará Àkúrẹ́ pé wọn ò mọ nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Màmá Oǹdó. Bó bá ń bínú, Oǹdó pọ́ńbélé ló fi ń sọ̀rọ̀, ojoojúmọ́ ló sì ń bínú. Yorùbá tí gbogbo wa kọ́ níléèwé ni mo máa fi kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ síbí. Bí mo bá kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, àwọn ará Oǹdó nìkan ni yóò kà á, àwọn náà yóò sì ní mo kọ ọ́ kù.

Èmi ni ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ. Àìsàn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ló kọ lù mí nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹsẹ̀ mi méjèèjì ò sì gbé mi mọ́ láti ìgbà náà. Bùsọ́lá lorúkọ mi, ṣùgbọ́n Màmá ò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Alága ló ń pè mí. Ó ní ẹni tó bá jókòó níbi tí gbogbo èèyàn ti dìde dúró, alága nìyẹn. Ìyá mi ò fẹ́ràn orúkọ náà rárá. Èmi fẹ́ràn rẹ̀, torí Màmá nìkan ló ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ láyé yìí. Gbogbo àwọn yòókù, "pẹ̀lẹ́" ni wọ́n ń kí mi láàárọ̀, "pẹ̀lẹ́" náà ni wọ́n ń kí mi lálẹ́.

Kò sóhun tí Màmá kórìíra tó àánú. Ọjọ́ kan a lọ sí Oǹdó lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. A dúró létí ọjà, Màmá ń bá obìnrin eléja kan fa ọ̀rọ̀, búrẹ́dì méjì tó fẹ́ mú lọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì wà lórí itan mi. Obìnrin kan tó múra dáadáa wo ẹsẹ̀ mi, ó mi orí, ó ju owó sórí itan mi, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Màmá rí i. Ó já búrẹ́dì kan gbà lórí itan mi, ó sáré tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ sì rèé, orúnkún ti ń dà á láàmú nígbà yẹn.

"Ìyáàfin! Ẹ ti sanwó, ẹ ò gbọjà!"

Obìnrin náà ní rárá o, òun kàn fi ta ọmọ náà lọ́rẹ ni. Màmá fi búrẹ́dì náà há a lábíyá, ó ní, "Ọmọ tẹ́ ẹ rí tó gbé búrẹ́dì lẹ́sẹ̀ yìí, ọjà ló ń tà. Kò ṣagbe." Lẹ́yìn náà ló padà wá sọ́dọ̀ mi, ó ń mí hẹlẹ. Mo rò pé ó fẹ́ pẹ̀tù sí mi nínú. Ó ní, "Ìwọ náà, nígbà tó ju owó sílẹ̀, kí ló dé tí o ò polówó ọjà?"

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe bá àwọn aládùúrà jà. Àwọn ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa a máa wá sílé ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè láti gbàdúrà fún ẹsẹ̀ mi. Wọ́n á yí mi ká, wọ́n á fi òróró pa mí lórí, èyí tó lóhùn jù nínú wọn á máa ké pé kí n dìde, kí n rìn. Màmá fara dà á fún oṣù kan. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó gbé àga, ó jókòó sáàárín wọn, ó bi olóhùn yẹn pé, "Tó bá wá dìde báyìí, ẹ̀yin lẹ máa gbà á síṣẹ́?" Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dé ìgò òróró. Ó ní, "Ẹ fi ẹsẹ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ gbàdúrà sí. Iṣẹ́ ni mi ò tíì rí ẹni tó ń fún un."

Bó ṣe ń gba èèyàn sí bekìrì tirẹ̀ nìyí: á gbé ìyẹ̀fun pípò síwájú rẹ, á ní kí o gé e sí mẹ́wàá, kí gbogbo rẹ̀ dọ́gba, láìlo òṣùwọ̀n. Bí o bá gé e dọ́gba, o ti gba iṣẹ́. Kì í béèrè ìwé ẹ̀rí, kì í béèrè ìlú rẹ, àfi tó bá jẹ́ Oǹdó, kó lè fi yangàn. Báyìí ni Fẹ́mi ṣe wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Fẹ́mi ò gbọ́rọ̀, kò sì lè sọ̀rọ̀. Bekìrì méjì ti dá a padà ṣáájú. Wọ́n ní báwo làwọn ṣe máa pè é bí nǹkan bá ń jóná. Fẹ́mi gé ìyẹ̀fun náà, Màmá gbé e sórí òṣùwọ̀n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó ju ìkejì lọ. Lọ́jọ́ náà ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Màmá so gílóòbù pupa kan mọ́ ògiri, bí búrẹ́dì bá ti jinná, ẹni tó wà nídìí ààrò á tẹ̀ ẹ́, á tàn, Fẹ́mi á sì rí i. Nígbà tó yá, gílóòbù yẹn ni gbogbo wọn ń wò, torí ariwo jẹnẹrétọ̀ kì í jẹ́ kí àwọn tó létí pàápàá gbọ́ nǹkan kan.

Pásítọ̀ wá kí i pé ó káre, pé aláàánú èèyàn ni. Inú bí i gan-an. "Àánú bí báwo? Gbogbo àwọn tó ń gbọ́ èébú mi ló ń fiṣẹ́ sílẹ̀. Èyí nìkan ló dúró."

Ẹ rí i pé kì í ṣe áńgẹ́lì. Àwọn olówó àdúgbò Ìjàpọ̀ tó ń ní kí ó bá àwọn fi ẹ̀rọ gé búrẹ́dì, ó ń bi wọ́n bóyá ọ̀bẹ ti tán nílé wọn. Ó sì ní àléébù kan tó ju gbogbo ìyẹn lọ, èyí tí èmi gan-an ò tètè rí.

Èmi náà ń ṣiṣẹ́ ní bekìrì yẹn. Láti ìgbà tí mo ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ní gbogbo ìsinmi àti ní gbogbo Sátidé, mo ń di búrẹ́dì sínú ọ̀rá lábẹ́ búkà onípáànù kan tó wà níta. Wọ́n á gbé búrẹ́dì gbígbóná jáde wá bá mi, n ó dì í. Àtẹ̀gùn mẹ́rin ló wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo mọ òórùn inú ilé yẹn ju ẹnikẹ́ni lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo wọ inú rẹ̀, nígbà tí òjò ń rọ̀ tí wọ́n pọ̀n mí wọlé. Mi ò rò pé ó burú nígbà náà. Ohun tí mo ń fẹ́ láyé mi ni iṣẹ́ tí n ó máa fi ọwọ́ ara mi wọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ bí gbogbo èèyàn, láìsí pé ẹnikẹ́ni gbé mi. Ọ́fíìsì àwọn ẹlòmíì ni mo rò pé n ó ti rí i.

Mo parí yunifásítì, mo kọ̀wé káàkiri, ilé iṣẹ́ kan ní Àkúrẹ́ wá pè mí fún intafíù. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí wọ́n ti tún ìwà wọn ṣe. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́ta ni, òkè pátápátá ni intafíù wà, kò sì sí ẹ̀rọ tó ń gbéni gòkè. Mo ti gbọ́ tẹ́lẹ̀, mo ti wọ ṣòkòtò. Gbogbo obìnrin tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ ló mọ ìdí rẹ̀: bí ọkùnrin méjì tí o ò mọ̀ rí bá máa gbé ọ gun àtẹ̀gùn, ọjọ́ náà kì í ṣe ọjọ́ síkẹ́ẹ̀tì. Màmá ní òun máa sìn mí lọ. Mo ní kó má ṣèyọnu. Ó ti jókòó sínú takisí.

Àwọn máìgádì méjì jáde wá pàdé wa, wọ́n ti ń ká ọwọ́ aṣọ wọn sókè. Ọ̀kan tó jẹ́ ọmọ Àkúrẹ́ ní, "Màmá, ẹ mọ́ yọnu. Uṣẹ́ kékeré ni, a á gbé e dé òkè."

Màmá wo àtẹ̀gùn náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. "Tó bá wá gba iṣẹ́ yìí, ojoojúmọ́ lẹ ó máa gbé e?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀rọ̀ ò tíì dé ibẹ̀.

"Tó bá fẹ́ tọ̀ ńkọ́?"

Ẹ̀rín ọkùnrin náà tán. Màmá bá gun àtẹ̀gùn méjì, ó jókòó sórí ẹ̀kẹta, ó tú gèlè rẹ̀, ó fi ṣe tìmùtìmù sẹ́yìn, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó sì na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ní ìbú títí tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ fi kan irin ní òdìkejì.

Ẹ mọ bí nǹkan ṣe rí nílẹ̀ wa. Ká ní ṣéènì ni wọ́n fi dí ọ̀nà yẹn, wọn ì bá já a. Ká ní ọlọ́pàá ni, wọn ì bá bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ìyá arúgbó, tó wú díẹ̀ lọ́rùn ẹsẹ̀, tó wọ sálúbàtà, ta ló fẹ́ dá a kọjá, tí yóò sì padà lọ jẹun nílé ìyá tirẹ̀? Àwọn tó ń gòkè dúró. Àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ dúró.

"Ẹ kú ìjókòó, Màmá."

"O ṣeun, ọmọ mi."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ká ẹsẹ̀."

"Ó ń dùn mí ni. Bí mo bá ká a, kò ní ṣeé nà mọ́."

Obìnrin kan tó gbé fáìlì dání kúnlẹ̀ kí i látòkè, ó dìde, kò sì rọ́nà kọjá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó so táì mọ́rùn gbé ẹsẹ̀ kan sókè bí ẹni tó fẹ́ gbìyànjú. Gbogbo èèyàn pariwo mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà. Màmá ò tiẹ̀ bínú. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó máa bọ̀. Ọmọ ta ni? Mo fẹ́ mọ ìyá rẹ̀, kí n lè lọ kí i kú iṣẹ́." Ẹsẹ̀ náà padà sílẹ̀.

Ojú tì mí débi pé mo ń gbàdúrà kí ilẹ̀ lanu. Iṣẹ́ tí mo ti ń wá fún ọdún méjì, tí mo ti fi gbogbo òru mọ́jú ọjọ́ yẹn ronú lé lórí, ìyá àgbà mi ń fi ìdí jókòó lé e. Mo sọ fún un pé, "Màmá, ẹ dìde, ẹ fẹ́ bayé mi jẹ́!"

Ó ní, "Dákẹ́, Alága. Ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀."

Ó tó bíi wákàtí kan kí ọ̀gá pátápátá tó fẹ́ jáde lọ jẹun. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni, èèyàn jẹ́jẹ́. Ó bá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn bí ẹni tó tò fún epo bẹntiróòlù. Ó dọ̀bálẹ̀ dé ibi tí táì gbà á láyè dé, ó ní, "Màmá, kí lẹ fẹ́ ká ṣe?"

"Èèyàn mélòó ló fẹ́ bá ọmọ mi sọ̀rọ̀?"

"Mẹ́rin ni wá, Mà."

"Ẹsẹ̀ mẹ́jọ nìyẹn. Òun ò ní ẹyọ kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀, ẹ máa bọ̀ nílẹ̀."

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Màmá ká ẹsẹ̀ fún wọn wẹ́rẹ́. Àṣé kò dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n to àga síbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀. Ọ̀kan nínú wọn bi mí bí mo ṣe fẹ́ máa dé ọ́fíìsì lójoojúmọ́. Màmá ti la ẹnu. Mo ní, "Màmá, èmi ni wọ́n bi." Mo sọ fún wọn pé ìwé àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kí n máa tọ́jú, inú kọ̀ǹpútà ló wà, kọ̀ǹpútà ò sì sọ pé òkè nìkan lòun lè gbé. Ọ̀gá náà kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n pè mí. Wọ́n tún yàrá kan ṣe nísàlẹ̀, wọ́n fẹ ẹnu ọ̀nà ilé ìtọ̀ kan lójú, wọ́n so irin mọ́ ògiri rẹ̀. Ó ti tó ọdún márùn-ún tí mo ti wà níbẹ̀. Àwọn aboyún àti àwọn tó ní làkúrègbé ló ń lo ilé ìtọ̀ mi jù, intafíù gbogbo èèyàn sì ti di nísàlẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ìwé ìgbanisíṣẹ́ náà dé, mo dì mọ́ Màmá, mo dúpẹ́ títí. Ó ní, "Kí ni mo ṣe? Mo kàn jókòó ni."

Irọ́ ni o, torí kò sí oníbàárà kan ní Ìsíkàn tí kò sọ ọ́ fún. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, èèyàn mẹ́wàá ló dí lọ́nà. Nígbà tó máa fi di Kérésìmesì, wọ́n ti di ọgọ́rin, kọmíṣọ́nnà kan sì wà láàárín wọn. Sátidé kan, mo ń di búrẹ́dì lábẹ́ páànù, ó ń sọ ọ́ fún obìnrin kan tó ń wá ra búrẹ́dì láti Ìta-Ògbólú. Ó dé ibi "ẹ̀yin tẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀". Ni mo bá gbọ́ ohùn ara mi.

"Màmá, àtẹ̀gùn mélòó ló wà lẹ́nu ọ̀nà tiyín?"

Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wò mí. Obìnrin Ìta-Ògbólú, tí kò mọ ohun tó ń lọ, bá wa kà á. Ó ní mẹ́rin ni.

Mo ní, "Ó lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń bá yín ṣiṣẹ́ níta. Ẹ ra gílóòbù fún Fẹ́mi. Kí ni tèmi?" Mi ò mọ̀ pé inú mi ti ń bí tó bẹ́ẹ̀. Ẹkún ló gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà.

Màmá wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé. Nígbà tó jáde, ó dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ní, "Mo rò pé ooru inú ilé ni o ò fẹ́." Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ó sì dùn mí ju èébú lọ.

Kí Sátidé kejì tó pé, ó ti pe Kàmọ́rù bíríkìlà. Wọ́n ti fọ́ àtẹ̀gùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ilẹ̀. Màmá dúró lókè, ó ń dúró dè mí bí ìyàwó tó ń retí àna. Mo yí táyà, mo dé ìdajì, kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fà mí sẹ́yìn, mo sì fẹ̀yìn wọ inú òkìtì iyanrìn Kàmọ́rù. Ọ̀nà náà kúrú jù, ó sì dúró ṣánṣán jù. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń ti àpò fùláwà ni. Kò sẹ́ni tó wọn kẹ̀kẹ́ mi, kò sì sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan.

Màmá wò mí nínú iyanrìn. Ó ní, "Máa jẹ iyán dáadáa. Ọwọ́ rẹ ò le."

Ọdún mẹ́ta gbáko la fi jà lórí sìmẹ́ǹtì yẹn. Mo ní kó jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe. Ó ní òun ti ṣe ohun tí mo béèrè, pé àwọn tó ń ti fùláwà ń gbàdúrà fún mi lójoojúmọ́. Òótọ́ ni, wọ́n ń gbàdúrà. Wọ́n tiẹ̀ ní àwọn á máa tì mí wọlé, ọkùnrin méjì péré ló gbà. Mo ní èmi kì í ṣe fùláwà. Mo dúró síta lábẹ́ páànù mi, Màmá dúró sínú ilé pẹ̀lú agídí rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ó ṣubú ní balùwẹ̀, egungun ìbàdí rẹ̀ sì dá. Dókítà ní kò ní lè rìn mọ́. Mo gbé kẹ̀kẹ́ mi àtijọ́ fún un. Ó kọ́kọ́ ní òun ò gun nǹkan tí ò lẹ́ńjìnnì. Lọ́jọ́ kejì tó gùn ún, ó ti fi kọ lu adìyẹ aládùúgbò, ó sì ní adìyẹ náà ni kò wo ọ̀nà.

Nígbà tára rẹ̀ mókun díẹ̀, ó ní òun fẹ́ lọ wo ààrò òun. A dé ìsàlẹ̀ ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, èmi pẹ̀lú rẹ̀, kẹ̀kẹ́ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Fẹ́mi fẹ́ tì í. Ó gbọn ọwọ́ rẹ̀ dànù, ó yí táyà fúnra rẹ̀. Kò dé ìdajì. Bí kì í bá ṣe pé Fẹ́mi wà lẹ́yìn, ì bá fi orí gúnlẹ̀. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ló kàn jókòó, ó ń mí, ó ń wo ẹnu ọ̀nà bekìrì tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá sílẹ̀, tí kò lè wọ̀. Ọ̀rọ̀ dé etí ètè mi, Ọlọ́run ló mọ̀. Mo gbé e mì.

"Bó ṣe máa ń rí lára rẹ nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

Màmá fi ọwọ́ ṣe àpèjúwe fún Fẹ́mi pé kó lọ pe bíríkìlà wá. Nígbà tí Kàmọ́rù dé, tó dọ̀bálẹ̀ kí i, tó ń bi í bí wọ́n ṣe fẹ́ kí ọ̀nà tuntun náà rí, Màmá fi ẹnu júwe mi. Ó ní, "Má bi mí. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ni kó o bi."

Kàmọ́rù bi mí. Mo ní kó gùn, kó máa lọ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó yà lẹ́ẹ̀kan, kó sì ní ibi tó tẹ́jú tí mo ti lè sinmi. Kí àyè tó lè tó, a ní láti wó búkà onípáànù tí mo ti ń di búrẹ́dì láti kékeré. Màmá ní kí wọ́n wó o. Ó jókòó tì wọ́n lójoojúmọ́, ó ń bú Kàmọ́rù pé omi pọ̀ nínú sìmẹ́ǹtì rẹ̀. Sìmẹ́ǹtì ò tíì gan tán tí Màmá fi sùn tí kò jí.

Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ bíi ti ìwé ètò ìsìnkú. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe ẹkún. Inú ló bí mi. Mo ní, Màmá, ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù, ẹ ò lè dúró?

A sin ín sí Oǹdó. Mo padà s'Àkúrẹ́ lọ́jọ́ kejì, mo lọ sí Ìsíkàn, mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn mí. Mo yí táyà, mo dé ibi tó tẹ́jú, mo sinmi, mo yà, mo tún yí táyà, mo wọlé. Ó kéré ju bí mo ṣe rántí rẹ̀ lọ. Ooru ibẹ̀ kì í ṣe ti ọmọ èèyàn.

Fẹ́mi mú mi lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Tábìlì ńlá Màmá ló wà níbẹ̀, èyí tó ti ń gé ìyẹ̀fun lórí rẹ̀ láti ìgbà tí ìyá mi ti wà lọ́mọ ọwọ́, tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé kọ́ọ̀bù lé. Wọ́n ti fi ayùn gé ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrú. Fẹ́mi ṣe àpèjúwe rẹ̀ fún mi díẹ̀díẹ̀ títí ó fi yé mi: Màmá ló ní kí wọ́n gbé e jáde wá bá òun nígbà tí mo wà níbi iṣẹ́, káfíńtà gé e lójú rẹ̀, wọ́n sì gbé e padà síbi ìmọ́lẹ̀ ti dára jù. Ó fi orúnkún ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Òun náà ti di ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́, ó rò pé òun ti mọ gbogbo rẹ̀ tán.

Mo sún mọ́ ọn kí orúnkún mi lè wọ abẹ́ rẹ̀. Kò wọ̀ ọ́. Màmá kúrú jù mí lọ, ó sì ti gé e jù. Ìyá yìí ò tún bi mí! Mo gbé orí lé tábìlì náà, mo sunkún, mo ń bú u bí mo ṣe ń sunkún, torí ibi ìdúró tirẹ̀ gan-an ló kó kúrò fún mi nínú ilé yẹn, kò sì sọ fún mi.

Nígbà tí mo nu ojú tán, Fẹ́mi ti kó búlọ́ọ̀kù mẹ́rin wọlé. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì, ó gbé ojú sókè, ó fi ọwọ́ bi mí pé báwo ni kó ṣe ga tó. Mo fi ọwọ́ mi hàn án.